Ti àtijọ́ àbí ti ìgbàlódé: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ tún pálọ̀ rẹ̀ ṣe

Àga ìrókò mẹ́rin ni bàbá wa fi sílẹ̀ nínú pálọ̀ ilé wa ní Ìbàdàn. Apá wọn fẹ̀ débi pé èèyàn lè gbé ife omi lé e láì bẹ̀rù pé yóò dànù. Nígbà tí àsìkò tó láti tún ilé ṣe, àwọn àbúrò mi ní ká kó wọn síta, ká ra àga ńlá oníkọ̀rọ̀ tó wà lóde báyìí, èyí tó máa ń gba ògiri méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin fárígá. Ó ní òun ò ní lajú òun sílẹ̀ kí wọ́n sọ àga bàbá òun di igi ìdáná. Torí pé iṣẹ́ ṣíṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ni mo fi ń jẹun, èmi ni gbogbo wọn kọjú sí.

Mi ò tíì dá ẹnikẹ́ni láre tí mo fi dojú àga kan délẹ̀, tí mo wo abẹ́ rẹ̀. Kò sí ìṣó ní oríkèé rẹ̀ kankan. Gbẹ́nàgbẹ́nà náà gbẹ́ etí igi kan wọ inú ihò èkejì, ó wá fi èèkàn igi kékeré há a mọ́lẹ̀. Mo fi gbogbo agbára mì í, kò mì. Fómù ló ti rún bí ìyẹ̀fun, rọ́bà tó gbé fómù dúró sì ti já. Egungun àga náà le koko, ẹran ara rẹ̀ ló ti kú. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gbé ohun àtijọ́ kan síwájú mi, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò ni bóyá egungun ló bàjẹ́ tàbí ẹran ara. Bó bá jẹ́ ẹran ara ni, a máa tún un ṣe. Bó bá jẹ́ egungun ni, ẹ jẹ́ kó lọ.

Àwọn èèyàn máa ń fẹ́ kí n sọ fún wọn pé ti àtijọ́ ló dáa tàbí pé ti ìgbàlódé ló dáa. Mi ò lè fi gbólóhùn kan dáhùn ìyẹn, nítorí ohun tó tọ́ fún àga kò tọ́ fún gílóòbù iná. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

ÀGA ONÍGI ÀTIJỌ́ ÀTI ÀGA ONÍFÓMÙ TUNTUN

Àga tuntun ní oore tirẹ̀. Ó rọ̀, ó gba èèyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ọmọ sì lè sùn lórí rẹ̀. Àmọ́ egungun rẹ̀ wà nínú aṣọ, ẹ ò lè rí i. Nínú àwọn tí mo ti tú palẹ̀, igi funfun rírọ̀ tàbí pákó alálẹ̀mọ́ tí wọ́n yin ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ra ni mo sábà máa ń bá níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè díẹ̀, kó tó ínǹṣì mẹ́fà. Bí ẹsẹ̀ iwájú kejì bá bá a kúrò nílẹ̀, egungun rẹ̀ le. Bí ìyẹn bá ṣì jókòó sílẹ̀ tí àga ń lọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ohun kejì ni awọ. Awọ ayédèrú tí wọ́n fi ń bo àga máa ń dán lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e dé, ṣùgbọ́n ooru ilẹ̀ wa àti òróró orí kì í jẹ́ kó pẹ́. Ibi tí orí ń fara tì ló kọ́kọ́ máa ń bó, lẹ́yìn náà ni ibi ìgbápálé. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó, kò sí ọṣẹ tàbí ìpara tó lè dá a dúró. Aṣọ híhun tó nípọn ni mo máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú láti lò.

Àwọn ohun tí mo máa ń gbé yẹ̀ wò nìyí bí mo bá fẹ́ yan èyí tó yẹ ilé kan:

Gíga ìjókòó. Àwọn àga àtijọ́ tí mo ti wọ̀n máa ń ga tó ínǹṣì 17 tàbí 18 láti ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ àga tuntun tó wà lóde ò ju ínǹṣì 15 lọ. Bí ìyá yín tàbí bàbá yín bá ń wá sí ilé yín, ínǹṣì méjì tàbí mẹ́ta yẹn ló máa pinnu bóyá wọ́n á dìde fúnra wọn tàbí wọ́n á na ọwọ́ kí ẹnì kan fà wọ́n.

Gbígbé kiri. Lọ́jọ́ ìkómọjáde tàbí ìpàdé ẹbí, àga onígi á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Àga oníkọ̀rọ̀ kò ní í kúrò lójú kan. Nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, ó ti gba ibi tí àlejò méje ìbá jókòó sí.

Àtúnṣe. Àga onígi lè pàrọ̀ fómù lẹ́ẹ̀mẹ́rin láyé rẹ̀. Àga tuntun, bí egungun bá ti kán nínú rẹ̀, iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó tú u máa ń fẹ́ẹ̀ tó owó òmíràn.

Ìtura. Níbi tó bá jẹ́ pé ìsinmi ọ̀sán ni èèyàn ń wá, àga tuntun borí.

Ohun tí mo ṣe nílé wa ni pé mo ra àga elẹ́ni mẹ́ta tuntun kan ṣoṣo, tó tò lọ ní ògiri kan. Mo gbé àga bàbá wa méjì kọjú sí i. A ṣí fáníìṣì dúdú tó wà lára wọn kúrò, àwọ̀ igi tó jáde lábẹ́ rẹ̀ dà bí oyin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan bo imú bí ẹ bá ń fi sáńdípépà ha ìrókò: eruku rẹ̀ máa ń yún ni lára, ó sì máa ń dí ọ̀fun. Lẹ́yìn náà ni a ki fómù líle, èyí tí àwọn tó ń ṣe kùṣìn ń pè ní ọtọpẹ́díìkì, sí i. Aṣọ tí a fi bo ìjókòó àga àtijọ́ náà la fi rán ìrọ̀rí kékeré méjì sórí àga tuntun. Ìrọ̀rí méjì yẹn ló jẹ́ kí àwọn àga náà dà bí ọmọ ilé kan náà.

KỌ́BỌ́Ọ̀DÙ ÌYÁ ÀTI PÁKÓ ALÁLẸ̀MỌ́

Nígbà kan, kò sí pálọ̀ ẹni tó rí jájẹ tí kò ní kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí wọ́n ń to abọ́ aláwọ̀ òdòdó sí. Lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n sí, lórí àpótí funfun tó ń dán, tí wọ́n fi MDF ṣe, ìyẹn pákó alálẹ̀mọ́ tí wọ́n fi igi lílọ̀ tẹ̀ pọ̀. MDF kì í ṣe ohun burúkú: ó tẹ́jú, kì í lọ́, ọ̀dà máa ń jókòó lé e dáadáa. Ọ̀tá rẹ̀ ni omi. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ pẹ̀lú mọ́ọ̀pù lójoojúmọ́ máa rí i pé láàárín ìgbà díẹ̀, etí ìsàlẹ̀ àpótí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Kò sì ní í padà sípò mọ́. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ ní kí kápẹ́ńtà fi ẹsẹ̀ irin tàbí ẹsẹ̀ igi gidi sí i, kí ìdí rẹ̀ má kan ilẹ̀.

Kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ gígùn tí kò ga ju ìbàdí lọ ni mo fẹ́ràn jù láti gbé tẹlifíṣọ̀n lé. Ẹ gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún wáyà, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ kí ooru lè jáde lára àwọn ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀. Iwájú rẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn. Mo ti rí ibi tí kápẹ́ńtà ti gé ilẹ̀kùn onígíláàsì ìgbà ìyá àgbà kúrò kí rìmóòtù lè ríran, ó sì dùn mí títí di òní.

Kí ẹ tó gbé irú rẹ̀ wọlé, ẹ fi ìka kàn án. Ibi tí ikán bá ti jẹ máa ń dún bí àgbá òfìfo. Bí ẹ bá rí ihò wínníwínní, ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Bí ẹ bá bá ìyẹ̀fun igi lórí bébà náà láàárọ̀, kòkòrò ṣì wà láàyè nínú rẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ níta tán pátápátá kó tó wọ yàrá, nítorí kò ní í dá kọ́bọ́ọ̀dù nìkan jẹ.

ILẸ̀

Lórí èyí, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Bí ilé yín bá ní tẹràsó, ẹ má fi táìlì bò ó. Òkúta wẹ́wẹ́ inú sìmẹ́ǹtì ni, wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ títí tó fi ń dán, ẹ sì tún lè ní kí wọ́n lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Egungun gidi nìyẹn. Táìlì tuntun tó ń dán bíi dígí dára fún fọ́tò, ó sì ń yọ̀ bí omi bá kàn án. Bí wọ́n bá tún lẹ̀ ẹ́ lé ilẹ̀ àtijọ́ lórí, ilẹ̀ á ga sókè, ẹ ó sì ní láti gé ìdí gbogbo ilẹ̀kùn ilé. Táìlì tí ojú rẹ̀ kì í yọ̀, tí kò dán, ni mo máa ń yàn fún ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì lásán tó ti fọ́ kálẹ̀ lè lẹ táìlì láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

FÈRÈSÉ: AFẸ́FẸ́ NI KÍ Ẹ WÒ

Fèrèsé lúfà àti fèrèsé tó ń yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: àwọn èèyàn ń yọ ti àkọ́kọ́ káàkiri torí pé wọ́n ní ó ti di ti ayé àtijọ́. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lúfà, bí ẹ bá ṣí i, fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ojú fèrèsé náà ló ń gba afẹ́fẹ́. Èyí tó ń yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò lè ṣí ju ìdajì lọ, nítorí gíláàsì kan gbọ́dọ̀ dúró sẹ́yìn èkejì. Nílùú tí iná lè lọ láago méjì ọ̀sán nínú oṣù Ẹrẹ̀nà, ìdajì afẹ́fẹ́ kì í ṣe nǹkan kékeré. Lóòótọ́, lúfà ń jẹ́ kí eruku ọyẹ́ wọlé, bí gíláàsì kan bá sì ti já, olè á mọ ibi tó máa gbà. Bí mo bá ní owó, èyí tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn ni mo máa ń yàn, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn nínú. Ó ń ṣí pátá bíi lúfà, ó sì ń pa dé dáadáa bí ti tuntun. Bí owó kò bá tó, ẹ fi lúfà sílẹ̀ ní ilé ìdáná àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ pàrọ̀ ti iwájú ilé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé fífi àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew, ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ya àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n fi kọnkéré ìgbàlódé kọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbẹ́ ihò sára ògiri kí atẹ́gùn lè máa kọjá. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú àti àwọn ọmọ wọn tó padà wálé láti Brazil àti Cuba ní nǹkan bí 200 ọdún dé 100 ọdún sẹ́yìn náà ṣe tiwọn ní Èkó: òdòdó ara ògiri, fèrèsé olórí róbótó, ilẹ̀kùn tí wọ́n fín. Ìlójò Bar ní Tinúbú, tí wọ́n kọ́ ní 1855, wà lára irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n kéde rẹ̀ ní 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016. Ẹnikẹ́ni tó bá rí ilẹ̀kùn irú ilé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń tà nígbà tí wọ́n bá wó ilé, kó rà á. Kó má fi í ṣe ilẹ̀kùn ìta, nítorí irin ló ń dá olè dúró lásìkò yìí. Kó fi í ṣe ilẹ̀kùn láàárín pálọ̀ àti ibi ìjẹun, níbi tí ọwọ́ á ti máa kàn án lójoojúmọ́.

Ẹni tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n lọ wo iṣẹ́ rẹ̀ ni Demas Nwoko, ayàwòrán ilé ọmọ Nàìjíríà. Ilé ìjọsìn tó kọ́ ní Ìbàdàn fún àwọn Dominican, ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ Kátólíìkì, kò jìnnà sí wa. Ó ń po amọ̀ pupa ilẹ̀ wa mọ́ sìmẹ́ǹtì láti fi mọ búlọ́ọ̀kù, ó sì ń kọ́ ilé kí ó lè tutù láìsí ẹ̀rọ. Ní 2023, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ ayé rẹ̀ níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice.

INÁ: IBI TÍ Ọ̀PỌ̀ ÈÈYÀN TI Ń ṢÌNÀ

Ẹ lè ra àga tó dára jù lọ láyé, bí gílóòbù tó wà lórí rẹ̀ kò bá bá a mu, owó yín ti wọgbó. Ẹ gbé páálí gílóòbù LED kan, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà kan máa wà níbẹ̀ tó parí sí K; òun ló ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Èyí tó kún ọjà wa jù ni 6500K: iná funfun gbòò, bíi ti ilé ìwòsàn. Lábẹ́ rẹ̀, igi ìrókò máa ń dà bí eérú, awọ ara èèyàn pàápàá á ṣá. Ẹ wá 2700K tàbí 3000K, tí ìmọ́lẹ̀ wọn pọ́n díẹ̀ bí oyin. Mo máa ń ṣe é lójú àwọn tó gbà mí síṣẹ́: mo á de gílóòbù 6500K mọ́ àtùpà kan, mo á gbé e súnmọ́ apá àga; mo á yọ ọ́, mo á de 3000K. Ìlà inú igi tí kò hàn tẹ́lẹ̀ á là bí ìlà ọwọ́. Mi ò tíì rí ẹni tó rí i tí kò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Iná funfun wúlò níbi tí wọ́n ti ń gé ẹran àti níbi tí ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. Nínú pálọ̀, ẹ pín iná sí ibi mẹ́ta dípò ọ̀kan ní àárín àjà: ọ̀kan lórí, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga àtijọ́, ọ̀kan lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Iná aláwọ̀ búlúù àti elésè àlùkò tí wọ́n ń ki sínú àjà POP kò bá igi gidi gbé. Ẹni tó bá fẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀, kó fi ohun tuntun nìkan kún yàrá náà.

Ní ti àtùpà àtijọ́, ìkòkò rẹ̀ ni ẹ fẹ́, ẹ ò fẹ́ wáyà inú rẹ̀. Ẹ ní kí oníná fa wáyà tuntun sí i, kó sì pàrọ̀ ihò gílóòbù. Gílóòbù LED wáàtì 9 ń tan ìmọ́lẹ̀ tó ti 60 ti àtijọ́, kì í sì í gbóná tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa jó ìbòrí aṣọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáànù òkè: ti àtijọ́ lè pẹ́ títí, ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná tó bíi wáàtì 75, nígbà tí àwọn tuntun onímọ́tò DC ń jẹ nǹkan bí 35. Ẹni tó ń lo ínfátà mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn ń sọ láago mẹ́ta òru. Fáànù tuntun ni mo fara mọ́ níbí, láìwo ẹ̀yìn.

OHUN TÍ A Ò GBỌ́DỌ̀ FI ṢE ÌRÁNTÍ

Àwọn nǹkan kan wà tí egungun wọn gan-an ti bàjẹ́. Àjà asbestos wà lára wọn, pákó pẹrẹsẹ bíi sìmẹ́ǹtì tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1960 sí 1980. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé gbogbo irú rẹ̀ ló lè fa jẹjẹrẹ. Eruku rẹ̀ ni ewu náà wà. Bó bá ṣì dúró dáadáa tí kò fọ́, ẹ má ha á, ẹ má gbẹ́ ihò sí i, ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fi òòlù fọ́ ọ nítorí POP. Bó bá jẹ́ dandan kó kúrò, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kí ẹ pè, kó fi omi rin ín kó tó tú u, kó bo imú, kí wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá.

Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà, ẹ má fi sáńdípépà gbígbẹ ha ilẹ̀kùn tàbí ibùsùn ọmọ tó ti pẹ́. Ẹ lo oògùn tí ń bó ọ̀dà, níta gbangba. Wáyà inú ògiri tí rọ́bà rẹ̀ ti ń fọ́ wẹ́wẹ́, kó jáde. Rédíò onígírámù bàbá yín, bí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ tú ìfun rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ ki ẹ̀rọ Bluetooth kékeré sínú àpótí rẹ̀. Orin àwọn àgbà á tún jáde láti ojú kan náà.

AṢỌ, AWỌ, IGBÁ

Ibí ni mo ti ń rí ayọ̀ jù, nítorí owó táṣẹ́rẹ́ ló lè yí yàrá padà. Ẹni tó ní ohun tuntun nìkan nínú ilé, tí kò jogún nǹkan kan, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tìmùtìmù Ọ̀yọ́. Awọ gidi ni, àwọn oníṣọ̀nà awọ ṣì ń ṣe é di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Gbé e síwájú àga tuntun dípò tábìlì onígíláàsì tí ń gún ọmọ lórúnkún. Igbá fínfín Ọ̀yọ́ náà dára lórí ògiri funfun, mẹ́ta tí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba.

Adìrẹ ọwọ́ àti adìrẹ ẹ̀rọ kò jọra, ẹ jẹ́ kí n fi bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n hàn yín. Ẹ yí aṣọ náà padà. Adìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ọwọ́ kùn máa ń dúdú lẹ́yìn ju iwájú lọ, torí ojú kan ṣoṣo ni wọ́n fi ẹ̀kọ láfún kùn; èlú ráyè wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bákan náà, kò sí àwòrán méjì nínú rẹ̀ tó rí bákan náà délẹ̀. Ti ẹ̀rọ, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣá, àwọn àwòrán rẹ̀ á sì dọ́gba bíi bébà tí wọ́n tẹ̀. Mo máa ń fi ti ẹ̀rọ rán kọ́tìnnì, nítorí oòrùn máa ń jẹ aṣọ aláró, ẹkún ni kí oòrùn jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ìyá kan. Ti ọwọ́, mo máa ń na án sí férémù, ní ògiri tí oòrùn kì í dé. Ìbàdàndùn tí ìyá mi fi sílẹ̀, èyí tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà nínú rẹ̀, ni àlejò máa ń kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ wa.

Aṣọ òkè ńkọ́? Sányán, ẹtù àti àlàárì àtijọ́ wúwo, ẹ má gé wọn. Ẹ ká wọn lé ẹ̀yìn àga. Aṣọ òkè tuntun láti Ìṣẹ́yìn ni kí ẹ gé fún ìrọ̀rí, ṣùgbọ́n fún ìrọ̀rí ẹ̀yìn nìkan. Bí èèyàn bá ń jókòó lé e, ojú ibi tí wọ́n rán ìlà rẹ̀ pọ̀ á máa la.

Ère ìbejì tàbí ère mìíràn tó ti pẹ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà lójú títì. Àjọ National Commission for Museums and Monuments ló ń bójú tó irú wọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ gbé ohun àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀ Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ lọ bá oníṣọ̀nà tó wà láàyè, kó gbẹ́ tuntun fún yín.

MÉLÒÓ ÀTIJỌ́ SÍ MÉLÒÓ TUNTUN?

Pálọ̀ tí mo máa ń rí tó dàrú jù ni èyí tó pín in ní dọ́gbadọ́gba, méjì àtijọ́, méjì tuntun, bí àtẹ ọjà. Ojú kì í mọ ibi tó máa bà lé. Ẹ pinnu èyí tó máa pọ̀ jù kí ẹ tó ra ohunkóhun. Nínú yàrá kékeré, ohun àtijọ́ ńlá kan, kékeré méjì, kí ìyókù jẹ́ tuntun. Nínú ilé àtijọ́ tí àjà rẹ̀ ga, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tẹràsó, ẹ lè yí i padà: kí àtijọ́ pọ̀, kí àga elẹ́ni mẹ́ta àti tẹlifíṣọ̀n nìkan jẹ́ tuntun.

Ẹ mú àwọ̀ láti ara ohun àtijọ́ náà, torí òun ni kò ṣeé pàrọ̀. Nílé wa, àwọ̀ oyin ìrókò àti búlúù èlú la mú. Ògiri funfun bí ẹyin, rọ́ọ̀gì aláwọ̀ iyanrìn, kò sí àwọ̀ kẹrin. Bí ẹ bá fẹ́ràn pupa, ẹ fi àlàárì kan ṣe é, kó tán síbẹ̀.

Ẹni tó wà ní London tàbí Chicago tó fẹ́ gbé àpótí ìjókòó tàbí igbá láti ilé lọ, ó ní ìṣòro kan tí àwa kò ní. Ẹ̀rọ amúléegbóná máa ń fa omi ara afẹ́fẹ́ gbẹ nígbà òtútù, igi tó dàgbà nínú ọ̀rinrin ilẹ̀ wa á bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ẹ má gbé e súnmọ́ ẹ̀rọ náà rárá, ògiri òdìkejì ló yẹ ẹ́. Nínú fúláàtì kékeré, àpótí kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ti tó.

ÀGA KẸRIN ÀTI FỌ́TÒ

Méjì nínú àga bàbá wa wà ní pálọ̀. Ìkẹta wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin. Ìkẹrin ni èyí tó máa ń wà lẹ́bàá ògiri tí omi ń jò sí. Nígbà tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ti di ìyẹ̀fun. Inú ìrókò kò dùn mọ́ ikán lẹ́nu, ṣùgbọ́n igi funfun tó wà létí èèpo, wọ́n ń jẹ ìyẹn bí iṣu; gbẹ́nàgbẹ́nà ti lo díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹsẹ̀ yẹn. Egungun ló bàjẹ́. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n wa pé kò ṣeé ṣe mọ́, ó dákẹ́, ó ní kí n máa ṣe é lọ.

Apá rẹ̀ méjèèjì ṣì dára. A là wọ́n sí mẹ́rin, kápẹ́ńtà fi wọ́n kan férémù fún fọ́tò bàbá wa, dúdú àti funfun, tí wọ́n yà ní ilé fọ́tò kan nígbà tó wà lọ́dọ̀mọkùnrin. Èyí tó wà lára ògiri, ẹ̀dà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ni. Ojúlówó rẹ̀ wà nínú àpòòwé nínú kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí oòrùn ò lè rí i. Nínú fọ́tò nìkan ló jẹ́ pé tuntun ló ń jáde síta, àtijọ́ ló ń wọlé. Nígbà kan, wọ́n máa ń gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kọ́ sábẹ́ àjà, kó fi orí tẹ̀ wálẹ̀ sí pálọ̀. A gbé tiwa kọ́ kí àárín rẹ̀ wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sílẹ̀, lókè àga rẹ̀, pẹ̀lú gílóòbù 3000K lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀, ojú á ko ojú.